Ta ló lè bá mi dá aṣọ ṣọ́jà tó wà lọ́rùn bàbá ìyá mi mọ̀?

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa:

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìrànlọ́wọ́ ni mo wá bẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ kó ìyá mi láti Tudun Wada, Zaria, wá sọ́dọ̀ mi níbí, torí pé ọjọ́ orí ti dé, wọn ò lè dá gbé mọ́. Níbi tí a ti ń tú àpótí páànù wọn, lábẹ́ àwọn aṣọ òkè tí wọn ò wọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, a bá fọ́tò kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé. Bàbá tó bí wọn ni. Mi ò bá bàbá yìí láyé, orúkọ wọn nìkan ni mo gbọ́.

Mo ti gbé fọ́tò náà síbí, ṣùgbọ́n ó ti ṣá, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tí ojú mi rí. Ọkùnrin kan dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kékeré tí òdòdó wà lórí rẹ̀. Ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, ìbọ̀sẹ̀ gùn dé orúnkún, bàtà ńlá dúdú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Fìlà rẹ̀ fẹ̀ bí àkẹtẹ̀, wọ́n ká etí rẹ̀ kan sókè. Ìlà méjì tó tẹ̀ lẹ́nu wà lápá rẹ̀. Lókè àwọn ìlà yẹn, nítòsí èjìká, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó dà bí àkàrà tí wọ́n fi igi méjì gún. Lórí àyà òsì, ọ̀já kéékèèké mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn.

Ìyá mi ní Bọ́mà ni bàbá àwọn lọ nígbà ogun Hítílà. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó wà ní Ọ̀fà ní kò sóhun tó jọ ọ́, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni bàbá ṣe. Alhaji tó jẹ́ aládùúgbò wa ní Zaria wo fọ́tò náà títí, ó ní "ɗan doka ne," ìyẹn ni pé ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ni. Ẹnu mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Èwo ni kí n gbà?


Ṣọ́jà Àná, Kaduna:

Ọmọ mi, o káre tí o ṣàlàyé kí o tó béèrè. Ọdún 33 ni mo fi wọ aṣọ yìí, ojú mi ti rí oríṣiríṣi rẹ̀.

Má tíì ka ìlà apá. Adé ni kí o kọ́kọ́ wá. Wo bọ́tìnnì, wo irin ìgbànú. Bí o bá rí adé, ọba òyìnbó ṣì ni olórí nígbà tí wọ́n ya fọ́tò náà. Adé ọ̀hún, oríṣi méjì ni. Èyí tí wọ́n lò nígbà àwọn ọba ọkùnrin, orí rẹ̀ ṣù bí ọmọrí ìkòkò. Èyí tí Ọbabìnrin Elizabeth gbé dé lẹ́yìn tó gorí ìtẹ́ ní 1952, àárín orí rẹ̀ tẹ̀ wọnú, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìka tẹ iyán. Bí ó bá wá jẹ́ ẹyẹ idì lo rí, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn: ìgbà tí Nàìjíríà bọ́ lábẹ́ ọba òyìnbó pátápátá ní 1963 ni adé kúrò lára aṣọ wa tí idì sì gba ipò rẹ̀.

Ìlà méjì, kọ́púrà ni. Ọ̀kan, láńsì kọ́púrà. Mẹ́ta, sájẹ́ńtì. Mo ń sọ èyí torí pé ẹbí a máa fún òkú ní ìgbéga. Mo lọ síbi ìrántí kan ní Kakuri tí wọ́n kọ "Májọ̀" sára abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n pín fún wa, fọ́tò tó wà lára abẹ̀bẹ̀ kan náà sì jẹ́ ti kọ́púrà. A jẹ ìrẹsì wa, a ò sọ nǹkan kan.


Ìyá Ìbejì, Sabon Gari Kano:

Àǹtí Kubwa, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Kí ẹ tó bá ṣọ́jà lọ jìnnà, ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ kákí ló jagun o. Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò bàbá bàbá mi wà lára ògiri pálọ̀ wa láti kékeré mi. Kákí láti òkè délẹ̀, fìlà tó dà bí ààbọ̀ igbá, ọ̀pá lọ́wọ́. "Ṣọ́jà Bàbá" la máa ń pè é. Ní gbogbo ọjọ́ 15 oṣù Kìíní tí wọ́n bá ń gbé òdòdó kalẹ̀ fún àwọn akọni lórí tẹlifíṣọ̀n, bàbá mi á ní, "Ẹ dìde, wọ́n ń kí bàbá yín." A ó dìde. Ìgbà tí mo bí àwọn ìbejì ni ìyá àgbà kan ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí ìkómọ, ó wo ògiri, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Wolé-wolé nìyí! Ó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ìyá mi nítorí tanwíjí inú ìkòkò!"

Bàbá mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi lọ. Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n a ò dìde mọ́.

Torí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: wọ́dà ẹ̀wọ̀n wọ kákí, àwọn ti rélùwéè wọ kákí, àwọn tó ń ṣọ́ igbó ọba wọ̀ ọ́, akódà ilé ẹjọ́ wọ̀ ọ́, ọmọ Boys' Brigade náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀já mẹ́ta tó wà láyà bàbá yín ló jẹ́ kí n rò pé tiyín lè yàtọ̀.


Oníṣẹ́ Fọ́tò, Jos:

Iṣẹ́ tí bàbá mi fi tọ́ mi nìyí, èmi náà sì wà lẹ́nu rẹ̀ di òní, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti fọ́tò fúnra rẹ̀. Aṣọ náà, mo fi sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ yí i padà. Ẹ̀yìn fọ́tò a máa sọ̀rọ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Òǹtẹ̀ ilé fọ́tò, orúkọ ìlú, nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ, kódà ìlà tí wọ́n fà bíi ti káàdì ìfìwéránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ yà sínú fóònù. Ilé fọ́tò mìíràn kì í lo tàdáwà, ńṣe ni wọ́n máa ń tẹ orúkọ wọn wọ ìsàlẹ̀ bébà láti fi ṣe àmì. Ojú lásán kì í rí i. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí ẹ wá máa gbé e síbí sọ́hùn-ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ má lo iná fóònù tààrà, yóò kọ mànà lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ fíìmù àti dígí tí ilé fọ́tò ń lò nígbà yẹn kì í rí pupa. Ohun tó pupa yòò a jáde dúdú, búlúù a sì mọ́lẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Torí náà bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "ọ̀já yìí dúdú," kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ tún wo bóyá wọ́n tẹ fọ́tò náà sódì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ bá gbé nẹ́gátíìfù sórí bébà láìwo ojú rẹ̀. Bọ́tìnnì ẹ̀wù ọkùnrin, apá òsì ló máa ń borí apá ọ̀tún. Ọ̀já àmì-ẹ̀yẹ sì máa ń wà láyà òsì. Bí méjèèjì bá yí padà, fọ́tò ló yí padà, kì í ṣe bàbá.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi omi nù ún, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi rọ́bà bo ìwé, ẹ má fi sẹlotépù kàn án. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ dígí férémù, ẹ má fà á. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú dígí náà.


Ọmọ Gwarinpa:

Àǹtí, mo ti bá yín fi áàpù kan tún un ṣe, ó ti mọ́ rekete! Ẹ wò ó nísàlẹ̀. Idì ló wà lára fìlà yẹn, ọ̀já náà sì jẹ́ mẹ́rin. Ṣọ́jà lẹ́yìn 1963 ni, ó parí.


Oníṣẹ́ Fọ́tò, Jos:

Àbúrò, o ṣeun, ṣùgbọ́n áàpù yẹn kò tún fọ́tò ṣe, òmíràn ló yà. Ọ̀já tó jẹ́ mẹ́ta ti di mẹ́rin, fìlà tí kò ní báàjì ti ní idì. Jọ̀ọ́, ka ìka ọwọ́ òsì tó fún bàbá.


Ọmọ Gwarinpa:

Mẹ́fà. Ẹ má bínú. Mo ti pa á rẹ́.


Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa:

Mo ti padà dé, ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, mo fi ìtàn yín rẹ́rìn-ín débi pé ìyá mi béèrè ohun tó ń ṣe mí.

Mo gbé awò ńlá tí wọ́n fi ń ka Bíbélì, mo jókòó ti fèrèsé. Adé wà lára bọ́tìnnì àpò àyà, kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ṣù bí ọmọrí ìkòkò tí bàbá wí. Àkàrà tó wà lápá yẹn, òrùka ni, ihò wà láàárín rẹ̀. Igi méjèèjì ní ẹnu ṣóńṣó lókè bí ọ̀kọ̀, wọ́n dábùú ara wọn gba inú òrùka náà kọjá. Lẹ́tà wà léjìká: W, A, A, lẹ́yìn náà ọ̀kan tí mi ò rí dáadáa, lẹ́yìn rẹ̀ C.

Lẹ́yìn fọ́tò, òǹtẹ̀ kan wà tó ti parẹ́ tán, ohun tó kù nínú rẹ̀ ni "...UTTA". Nísàlẹ̀ rẹ̀ wọ́n fi pẹ́ńsù kọ NA, wọ́n fa ìlà kan, wọ́n sì kọ nọ́ńbà márùn-ún. Àbúrò mi ọkùnrin ní N.A. ni Native Authority, ìjọba ìbílẹ̀ ayé òyìnbó, pé Alhaji ló jàre, ɗan doka ni bàbá.

Ohun kan tún wà tó ń tì mí lójú láti sọ. Àbúrò ìyá mi kan mọ nọ́ńbà yẹn sórí, ó sì ti ń fi ta tẹ́tẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ní bàbá ló fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Kò jẹ rí.


Ọmọ Ìwé, Barnawa:

Àǹtí Kubwa, ẹ ti rí i! Láti ìgbà tí ẹ ti kọ "àkàrà tí wọ́n fi igi gún" ni mo ti ń fura, mo kàn fẹ́ kí ojú yín fúnra rẹ̀ rí i kí n tó sọ̀rọ̀.

Òṣùká ni. Òṣùká gan-an tí a ń gbé lé orí ká tó ru ẹrù. Ọ̀kọ̀ méjì ló sì gba inú rẹ̀ kọjá. Àmì Dífíṣọ̀n 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìyẹn, àwọn tó lọ bá Jàpáànù jà ní Bọ́mà. Ìyá yín ló jàre.

Dífíṣọ̀n méjì, ìyẹn ọ̀wọ́ ọmọ ogun ńlá méjì, ni ìjọba òyìnbó kó jọ láti Nàìjíríà, Gold Coast (Gánà òde òní), Sàró àti Gáḿbíà fún ogun yẹn, 81 àti 82. Àmì ti 81 ni alántakùn dúdú lórí róbótó àwọ̀ ìyeyè. Alántakùn inú àlọ́ àwọn ará Asante ni, ohun tí ìjàpá jẹ́ fún àwa ni òun jẹ́ fún wọn. Orí alántakùn náà dojú kọ ilẹ̀ lápá wọn, torí pé bí ṣọ́jà bá gbé ìbọn sójú láti yìn ín, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé kòkòrò náà ń sáré lọ bá ọ̀tá. Ẹni tó bá rí ẹsẹ̀ púpọ̀ lápá bàbá rẹ̀ nínú fọ́tò, 81 ni kó wá.

Ti 82 ló wá jẹ́ òṣùká. Ibi tí wọ́n ti jà, ní agbègbè Arakan, òkè àti igbó àti ẹrẹ̀ ni, mọ́tò ò lè débẹ̀. Aláàárù ló ń ru ọta, ìrẹsì, oògùn àti ìbọn ńlá lórí, nínú òjò. Èrò inú àmì náà ni pé àwọn aláàárù la fi ń jà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ sọ pé aláàárù ni bàbá yín o. Láti orí ọ̀gágun títí dé ẹni tó ń sè oúnjẹ, àmì kan náà ni gbogbo dífíṣọ̀n náà gbé sápá. Bí bàbá bá sì jẹ́ aláàárù náà ńkọ́? Èmi ì bá máa fi yangàn ni.

Àmì kẹta wà tí ẹ lè bá pàdé nínú fọ́tò ẹlòmíràn: ẹranko kan tó jọ kìnnìún, tó jókòó níwájú ilé òrìṣà. Ti àwọn Chindit ni, àwọn tó wọ ẹ̀yìn ọ̀tá lọ. Bìrìgéèdì kan láti inú 81 dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1944. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Zaria, tí ẹ ń kọjá níwájú Chindit Barracks lójoojúmọ́, orúkọ yẹn kì í ṣe Hausa, Bọ́mà ló ti wá. Dalet àti Kalapanzin níbí ní Kaduna, Letmauk ní Ìbàdàn, Arakan àti Myohaung ní Èkó, gbogbo wọn ló ti Bọ́mà wá. Mogadishu ti Abuja lọ́dọ̀ yín, ogun mìíràn ni, Ítálì ni àwọn ọmọ Nàìjíríà lé kúrò níbẹ̀ ní 1941. Mo ti gbé Kaduna fún ọdún mélòó kí n tó mọ ohun tí ń jẹ́ Dalet? Ẹ má bi mí.

NA wàyí. NA tó wà níwájú nọ́ńbà yẹn kò bá Native Authority tan rárá. Nọ́ńbà ṣọ́jà bàbá ni. Ti ọmọ Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA, ti Gold Coast pẹ̀lú GC, ti Sàró pẹ̀lú SL. Ẹ sọ fún àbúrò màmá pé kí ó gbé nọ́ńbà náà kúrò nínú tẹ́tẹ́. Òun ni kọ́kọ́rọ́ yín sí gbogbo ìwé yòókù.

"...UTTA" yẹn, Calcutta ni mo kà á sí, ní Íńdíà. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ọdún, ẹ wo ọ̀já kejì. Ọ̀já Burma Star ní pupa fífẹ̀ láàárín, búlúù àti àwọ̀ ọsàn létí méjèèjì. Nínú fọ́tò, ojú dúdú fífẹ̀ ni àárín rẹ̀ máa jẹ́, bí Oníṣẹ́ Fọ́tò ṣe wí. Oṣù Karùn-ún 1945 ni wọ́n dá àmì-ẹ̀yẹ yẹn sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òun ló wà láyà bàbá, wọn ò lè ya fọ́tò náà ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn ọmọ ogun wa sì ti ń padà wálé ní 1946. Ẹ rí i bí ọdún ṣe há.

Ó ku lẹ́tà kan. W A A S C ni àwọn awakọ̀ àtàwọn tó ń pín oúnjẹ. W A A M C ni àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Lẹ́tà tí ẹ ò rí yẹn ló máa sọ ohun tí bàbá ṣe lójú ogun.


Alájàpá, Sábó Zaria:

Ẹ má bú Alhaji o. Ní ayé àwọn ẹ̀mírì àti Native Authority, àwọn 'yan doka ni ọlọ́pàá ìbílẹ̀ níbí, kákí àti ṣòkòtò péńpé làwọn náà wọ̀, N.A. lèèyàn sì ń rí lára ohun gbogbo tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, láti orí mọ́tò dé orí ilé ìwòsàn. Ẹni tó dàgbà níbí, tó bá rí NA, ibẹ̀ lọkàn rẹ̀ ń lọ. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966 ni wọ́n da àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àpapọ̀.


Àbíkẹ́, Minna:

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè gba ibí wọlé? Ti bàbá ńlá tiwa yàtọ̀. Fìlà pupa gíga ni wọ́n ní ó dé, irú èyí tí àwọn Hausa ń pè ní dara, ẹ̀wù kúkúrú tí wọ́n fi okùn ṣe ọnà sí láyà, wọ́n fi aṣọ wé ojúgun rẹ̀ yípo, kò sì wọ bàtà. Báàjì kan wà níbẹ̀ tó ní igi. Ṣé ṣọ́jà náà ni, àbí onílù?


Ṣọ́jà Àná, Kaduna:

Ọmọ mi, ṣọ́jà ni, ó sì ṣeé ṣe kó dàgbà ju ti Kubwa lọ. Igi yẹn, ọ̀pẹ ni. Àmì West African Frontier Force ni, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Lugard kó jọ níwọ̀n 1897 sí 1900, tí wọ́n sì fi Jẹ́bà ṣe ibùdó nígbà yẹn. Wá lẹ́tà tó wà lábẹ́ ọ̀pẹ náà. Bí ó bá jẹ́ W.A.F.F. lásán, ó ṣáájú 1928. Bí R bá wà níwájú, ọba òyìnbó ti fi orúkọ ọlá kún un, ó ti tó 1928 nìyẹn.

Má ṣe fi fìlà pupa nìkan ka ọdún o, torí wọ́n ṣì ń wọ irú rẹ̀ fún ayẹyẹ pẹ́ títí lẹ́yìn náà. Ẹsẹ̀ lásán yẹn àti aṣọ ojúgun ló ń mú mi rò pé ayé àtijọ́ ni. Àwọn tó ja ogun kìíní ní Kamẹrúùnù láti 1914, tí wọ́n tún kó lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1916, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí.

Ṣé mẹ́dà wà nílé? Yí etí rẹ̀ sójú oòrùn. Mẹ́dà ogun kìíní, wọ́n máa ń fín nọ́ńbà, orúkọ àti ẹgbẹ́ ṣọ́jà sí etí rẹ̀. Ti ogun Hítílà tí wọ́n fún àwọn tiwa, kò sí orúkọ lára rẹ̀, títí kan àwọn tó jẹ́ ìràwọ̀ olójú mẹ́fà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tà á ní ọjà láìmọ ẹni tó ni ín. Mo rí ọ̀kan lórí ẹní ẹni tó ń ta ohun àlòkù nítòsí Ọjà Gbogbogbòò Kaduna, inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn.


Àbíkẹ́, Minna:

Bàbá, wọ́n ta mẹ́dà náà nígbà tí mo wà ní pàmárì. Ẹ ṣeun, màá wá lẹ́tà abẹ́ ọ̀pẹ.


Ọmọ Ìwé, Barnawa:

Fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ síwájú: nínú ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé kékeré kan wà tí gbogbo ṣọ́jà ń gbé sápò, wọ́n ń kọ owó oṣù àti iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, ó sì tún máa ń gba ìwé mìíràn lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u sílẹ̀. Abẹ́ ìbùsùn, inú Bíbélì, inú àpò ìwé ilé, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó lọ sí National Archives níbí ní Kaduna, tàbí Arewa House. Ẹgbẹ́ àwọn ṣọ́jà àtijọ́, Nigerian Legion, ní ẹ̀ka káàkiri. Àwọn àgbà ibẹ̀ lè má mọ bàbá yín, ṣùgbọ́n wọ́n mọ aṣọ.

Ẹni tí tirẹ̀ bá kú sójú ogun tí kò padà wálé, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ṣọ́jà, ọ̀fẹ́ ni. Ní Taukkyan, lẹ́yìn odi Yangon, orúkọ bí 27,000 tí wọn ò rí ibojì wọn ló wà lára òpó, ọmọ Áfíríkà pọ̀ nínú wọn. Ẹ fi oríṣiríṣi ìkọsílẹ̀ wá a. Akọ̀wé òyìnbó tó ń kọ "Ọláníyì" sílẹ̀ ní 1943, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló kọ. Wọ́n sì máa ń fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ ìdílé fún ṣọ́jà, torí náà bí ẹ bá rí ẹni tó ń jẹ́ "Offa" tàbí "Ilorin" níparí, ẹ má yára kọjá.


Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa:

Ẹ káàárọ̀. Iná mọ̀nàmọ́ná ò sí lálẹ́ àná, tọ́ọ̀ṣì ni mo lò, mo sì gbà pé ohun tó dáa jù tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mo tẹ́ fọ́tò náà sórí tábìlì, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí Oníṣẹ́ Fọ́tò ṣe wí, lẹ́tà yẹn dìde. M ni. Mo ní kí ọmọ mi wò ó, òun náà ní M.

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sétí ìyá mi. Nígbà tí mo dé ibi oníṣègùn, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n ní, "Ṣé ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Abẹ́rẹ́?" Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé mi. Wọ́n ní ní Sábó Zaria, bí ọmọ ẹnì kan bá ń gbóná lóru, ilé àwọn ni wọ́n ń gbé e wá, bàbá á se abẹ́rẹ́ nínú agolo lórí sítóòfù. Àwọn rò pé ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì kan ló ti kọ́ ọ. Ó máa ń sọ Hausa kíákíá, àwọn Hausa gan-an a máa rẹ́rìn-ín sí i pé Hausa báráàkì ló ń sọ. Wọ́n ní kò sọ ọ̀rọ̀ ogun fún àwọn rí, àfi pé bí òjò bá ń rọ̀ tí kò dá, á gbé àga lọ sẹ́nu ọ̀nà, á jókòó síbẹ̀, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n wọn ní Ọ̀fà. Ó ní òun ò gbà, ọlọ́pàá ni. Mo ní, bàbá àgbà, òṣùká ló wà lápá rẹ̀. Ó ní òun ní fọ́tò tiẹ̀ níbi tí bàbá ti dé kẹ́ẹ̀pù ọlọ́pàá, òun á ní kí ọmọ òun fi ránṣẹ́. Ó ti wọlé báyìí. Ọkùnrin inú rẹ̀ ga ju bàbá lọ, ilà ojú wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ yàtọ̀. Ìyá mi wò ó, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rèé. Èyí tó wà ní Jos."

Kẹ́ẹ̀pù náà ní báàjì. Màá gbé e síbí tí iná bá dé.